Processor Tókunbọ̀: Apá Tó Ń Gbó àti Apá Tí Kì Í Tètè Gbó

Ní òde àríyá, ọkùnrin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, míkísà wà níwájú rẹ̀. Máíkì olórin, gìtá, àkúbà, gángan, gbogbo wọn ló ń gba ojú wáyà wá bá a. Òun ló ń pinnu èyí tó máa jáde àti èyí tó máa dákẹ́, bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe máa ròkè tó, èyí tí básì rẹ̀ pọ̀ jù tó yẹ kó dín kù. Ìgbà tó bá ṣe tirẹ̀ tán ni ìró tó wọ inú amplifier, tí amplifier á fún un lágbára kó tó dé inú sípíkà. Bí ọwọ́ ọkùnrin yìí kò bá mọ́, ẹ kó sípíkà tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, orin náà kò ní dùn.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú pálọ̀. Preamp processor ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Àwọn tó ń lò ó a máa gé e kúrú sí processor. Àpótí irin ni, ó fẹ̀, ó wúwo, fólúùmù ńlá kan wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún ihò wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ CD, ẹ̀rọ fíìmù, tẹlifíṣọ̀n, ṣéńjà tó ń lu àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ló ń já wáyà sínú rẹ̀. Ó ń tú ìró díjítà inú fíìmù, ó ń pín in fún sípíkà márùn-ún, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń gba básì lọ́wọ́ sípíkà kéékèèké fún subwoofer, ó sì ń gbé fólúùmù sókè, ó ń gbé e sódò. Ohun tí kò lè ṣe ni kó fúnra rẹ̀ ti sípíkà. Iṣẹ́ amplifier nìyẹn, inú àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni amplifier sì ń gbé. Receiver tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀, èyí tó máa ń wà nínú páálí kan náà pẹ̀lú sípíkà márùn-ún, processor àti amplifier ló ń gbé inú àpótí kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin dáadáa, tó tún fẹ́ wo fíìmù, tí kò sì fẹ́ to ẹ̀rọ oríṣi méjì sínú pálọ̀ kan, irú ẹ̀rọ yìí ló máa ń wá. Tuntun rẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lórúkọ ń lọ sí ẹgbẹ̀rún dọ́là méjì sókè. Tókunbọ̀ rẹ̀ ló máa ń yani lẹ́nu. Èyí tí ẹnì kan fi owó mọ́tò rà ní bí ogún ọdún sẹ́yìn ń wá ẹni tó máa fi owó fóònù gbé e lọ lónìí. Bí a bá mọ ìdí tí owó rẹ̀ fi já tó bẹ́ẹ̀, a ó mọ èyí tó yẹ ká rà àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Apá méjì ló wà nínú àpótí yìí, wọn kì í sì í gbó bákan náà. Apá kan jẹ́ ti díjítà: òun ló ń gba HDMI (okùn tó ń gbé àwòrán àti ìró pọ̀) wọlé, òun ló ń tú Dolby àti DTS (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di ìró fíìmù sínú nọ́ńbà), òun ló ń ṣe ìṣirò. Apá kejì jẹ́ ti ánálọ́ọ̀gù: òun ló ń gba ìró tí wọ́n ti tú, tó ń gbé e gba ojú fólúùmù kọjá, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí amplifier. Bryston, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìyàtọ̀ náà fún wa. Ogún ọdún ló fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀rọ ánálọ́ọ̀gù rẹ̀. Ẹ̀rọ díjítà, ọdún márùn-ún péré. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ mọ ibi tí ọjọ́ ogbó ti máa kọ́kọ́ wọlé.

Ẹ wo bí apá díjítà ṣe ń gbó. Ní 1992, Dolby Digital wọ ilé sinimá pẹ̀lú fíìmù Batman Returns. Ní 1993, DTS tẹ̀lé e pẹ̀lú Jurassic Park. DVD dé Japan ní ìparí 1996, ó dé Amẹ́ríkà ní 1997, ìró tó ń yí ènìyàn ká sì wọ inú ilé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe processor olówó gọbọi: Lexicon ní MC-12, Meridian ní 861, Theta ní Casablanca, Proceed ní AVP. Kò pẹ́ tí HDMI fi dé. Nǹkan bí ọdún 2003 ni ẹ̀rọ tó ní in bẹ̀rẹ̀ sí í jáde; ní 2006, HDMI 1.3 ṣí ọ̀nà fún Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio. Processor tí kò ní ihò HDMI di ẹrù àtijọ́. Ní 2014, Dolby Atmos, tí wọ́n ti ń lò ní sinimá láti 2012, wọ ilé, ó ní kí a gbé sípíkà sókè àjà. Láàárín àkókò yẹn náà ni àwòrán 4K dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HDCP 2.2, ẹ̀rọ tí kò bá mọ ẹ̀ṣọ́ yìí kò lè jẹ́ kí àwòrán náà kọjá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń dé ni owó àwọn tó ṣáájú ń já.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tó kan sítẹ́ríò. CD jáde ní 1982. Ọ̀nà méjì ni ìró rẹ̀ ń gbà, ọ̀tún àti òsì. Ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bit 16 ni wọ́n sì fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà títí dòní. Okùn coaxial tàbí ti optical tó wà lẹ́yìn processor ọdún 2002 ń gbé e wọlé láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí Atmos sọ di ẹrù àtijọ́ kò pàdánù ohunkóhun lórí orin King Sunny Adé. Ọjà ń fi owó rẹ̀ wọn apá tó ń gbó. Ẹni tó ń wá sítẹ́ríò ní láti fi etí wọn apá kejì.

Báwo ni a ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni processor yìí ń ṣe sí ìró ánálọ́ọ̀gù tó bá wọ inú rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò lè fọwọ́ kan orin bí wọn kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà. Wọn á gba ìró àwo Ebenezer Obey láti inú ṣéńjà, wọn á sọ ọ́ di díjítà, wọn á ṣe ìṣirò lé e lórí, wọn á tún sọ ọ́ padà di ánálọ́ọ̀gù kí wọ́n tó gbé e jáde. Àwọn mìíràn ní ọ̀nà tààrà, tí wọ́n máa ń kọ Direct, Pure Direct tàbí Bypass sí lára: ìró wọlé, ó gba ojú fólúùmù, ó jáde, nọ́ńbà kankan kò sí lójú ọ̀nà. Emotiva XMC-1 ní irú ọ̀nà yìí, ó pè é ní Reference Stereo. Ẹni tó ní àpótí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nílé, tàbí ẹ̀rọ CD tí òun fúnra rẹ̀ ní DAC tó dára (ẹ̀yà tó ń sọ díjítà di ánálọ́ọ̀gù), ọ̀nà tààrà yìí ló yẹ kó máa wá. Kó rántí pé ọ̀pọ̀ processor kò ní ihò tó bá ṣéńjà mu. Phono preamp kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín.

Orúkọ tí wọ́n kọ sí ara bọ́tìnnì kò tó láti gbà gbọ́. Ọ̀nà kan wà láti dán an wò, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ já ẹ̀rọ CD mọ́ ihò ánálọ́ọ̀gù, ẹ fi orin tí ohùn olórin dúró gbọn-in ní àárín sípíkà méjèèjì sí i, ẹ sì yí processor sí Direct. Ẹ wá lọ sí ibi tí a ti ń sọ fún un bí sípíkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àga yín. Ẹ purọ́ fún un: ẹ ní ti ọ̀tún wà ní mítà mẹ́ta, ti òsì wà ní mítà mẹ́sàn-án. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mítà kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìṣirò bá ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ náà á dá ìró ọ̀tún dúró kó lè bá ti òsì dé pọ̀, bẹ́ẹ̀ ti òsì kò sì jìnnà rárá. Ẹ óò gbọ́ tí olórin yóò ṣí kúrò láàárín lọ sí apá òsì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Direct yẹn kì í ṣe tààrà. Bí olórin kò bá kúrò lójú kan, ó jọ pé ó tààrà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ díjítà sí ánálọ́ọ̀gù kàn, ìyẹn DAC. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fẹ́ràn láti máa ka orúkọ DAC síni létí, pàápàá ESS Sabre tó wà nínú Yamaha CX-A5100 ọdún 2015. DAC náà dára. Ṣùgbọ́n DAC kan náà nínú àpótí méjì lè jáde lọ́nà méjì, nítorí pé ohun tó tẹ̀lé e ló ń parí iṣẹ́: ibi tí iná ti ń wọlé, fólúùmù, àti ẹ̀yà tó ń ti ìró lọ sójú wáyà. Ẹ gbé ìdérí òkè bí ẹni tó ni ín bá gbà. Bí ẹ bá rí tìráńsífọ́mà tó tóbi, tí páálí tí wọ́n lẹ àwọn ẹ̀yà ánálọ́ọ̀gù mọ́ sì jìnnà sí páálí HDMI, ẹni tó ṣe é ro ti orin mọ́ ti fíìmù. Ihò XLR lẹ́yìn rẹ̀ wúlò bí amplifier yín bá ní irú rẹ̀, pàápàá bí wáyà àárín wọn bá gùn, nítorí pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba ariwo iná wọlé. Bí amplifier yín kò bá ní in, ẹ má san owó lé e.

Títí dé ibí, ó lè dà bí ẹni pé kí a kàn máa wá èyí tí ọ̀nà rẹ̀ tààrà jù, kí a sì gbàgbé gbogbo ìṣirò. Àmọ́ yàrá tí a ti ń gbọ́ orin kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Okùn tó nípọn jù lára gìtá básì ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní yàrá tó gùn ní mítà mẹ́rin, ìró tó ń gbọ̀n nígbà 43 ni ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn máa ń gbá síra wọn tí yóò fi wú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kíyè sí bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe sún mọ́ra. Orin jùjú tí básì rẹ̀ ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti okùn dé okùn á dé ibi okùn tó nípọn, gbogbo pálọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ sún àga síwájú díẹ̀, básì á parẹ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń fi igi àti páálí kọ́ ilé, ògiri a máa gbọ̀n, á sì gbé lára básì náà mì. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ jù lọ básì tó wọ yàrá ló ń padà sínú rẹ̀. Kò sí DAC, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè tún èyí ṣe.

Ohun tó lè dín in kù ni ìṣirò. Processor tó ní ètò àtúnṣe yàrá máa ń wá pẹ̀lú máíkì kékeré kan. Ẹ óò gbé e sí ibi orí yín, ẹ̀rọ á fi ìró kan ránṣẹ́ sí sípíkà kọ̀ọ̀kan, á gbọ́ ohun tí yàrá ṣe sí i, á sì dín ohun tó wú kù. Audyssey wà nínú Marantz, ó sì wà nínú Integra àti Onkyo àtijọ́. Anthem ní tirẹ̀ tó ń pè ní ARC. Dirac Live wà nínú Emotiva XMC-1. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ subwoofer. Sípíkà kékeré orí tábìlì kò lè gbé ìró okùn tó ń gbọ̀n nígbà 41 yẹn. Bí processor bá gba gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz (ìgbọ̀n 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ́wọ́ rẹ̀ fún subwoofer, ìyẹn ààlà tí ilé iṣẹ́ THX sọ di àṣà, sípíkà náà á mí, ohùn àárín á sì mọ́ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bọ́tìnnì Direct ló ń pa àtúnṣe yàrá àti ètò subwoofer yìí, pàápàá bí orin bá gba ihò ánálọ́ọ̀gù wọlé. A kò lè jẹ èrè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, oríṣi ènìyàn méjì ló ń ra processor fún sítẹ́ríò, ẹ̀rọ kan náà kò sì tọ́ sí wọn. Ẹni tí sípíkà rẹ̀ ga, tó lè gbé básì fúnra rẹ̀, tó sì ní àyè láti sún un kúrò lára ògiri, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà: Lexicon, Bryston, tàbí ohunkóhun tí ọ̀nà tààrà rẹ̀ bá yege ìdánwò òkè yẹn. Àìní HDMI ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di olówó pọ́ọ́kú, ẹni tó ń gbọ́ CD kò sì nílò HDMI. Lexicon tún ní Logic 7, iṣẹ́ ọwọ́ David Griesinger, tó ń mú orin ọ̀nà méjì, tó ń pín in fún sípíkà méje láìba àárín rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ẹni tí sípíkà rẹ̀ kéré, tó ní subwoofer, tí ògiri rẹ̀ sún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, ìran àárín ló yẹ kó wá, èyí tó jáde láàárín nǹkan bí ọdún 2008 sí 2014: Marantz AV7005 àti AV8801, Integra DHC-80.3, Anthem AVM 50v. Wọ́n ní HDMI, wọ́n ní ihò XLR, wọ́n sì ní àtúnṣe yàrá tó dá ṣáṣá. Èyí tí kò ní Atmos nínú wọn tàbí tí kò mọ HDCP 2.2, àwọn tó ń sáré fíìmù tuntun ń tà á dànù. Nínú ìran yìí gan-an ni owó kékeré ti ń ra ohun tó pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ilé wa.

Báwo wá ni fíìmù 4K yóò ṣe kọjá nínú ẹ̀rọ tí kò mọ HDCP 2.2? Ẹ má jẹ́ kó kọjá níbẹ̀. Ẹ já ẹ̀rọ fíìmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí tẹlifíṣọ̀n fi okùn optical gbé ìró fún processor. Okùn yìí ń gbé sítẹ́ríò àti Dolby Digital dáadáa. TrueHD ni kò lè gbé. Ẹni tí ìyẹn bá dùn, kó wá ẹ̀rọ 4K tó ní ihò HDMI méjì, irú bíi Oppo UDP-203 tàbí Panasonic UB900, kí ọ̀kan gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n, kí èkejì gbé ìró lọ sí processor. Lọ́nà yìí, ìṣòro tó já owó ẹ̀rọ náà wálẹ̀ kò ní kàn yín.

Ní báyìí, ká lọ sọ́jà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti òkè òkun wá, yálà ẹ rí i ní Àlábà ní Ọ̀jọ́ tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan fẹ́ fi í sínú páálí láti Houston, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yí wò, níbi tí wọ́n kọ iná rẹ̀ sí. Ti Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ 120V, 60Hz. Ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń jẹ́ 230V, 50Hz, bíi tiwa, pílọ́ọ̀gì rẹ̀ pàápàá á wọ ihò ògiri wa. Bí wọ́n bá kọ 100–240V sí i, kò séwu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ki 120V bọ iná tiwa yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó gbọ́ orin. Step-down lè gbà á là, nítorí pé processor kì í mu iná bíi ti amplifier, àmọ́ tìráńsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60Hz máa ń gbóná díẹ̀ sí i lórí 50Hz, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún un. Ní tèmi, bí owó méjèèjì bá sún mọ́ra, ti Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ gbé.

Lẹ́yìn iná, ẹ béèrè rìmóòtù. Nínú ọ̀pọ̀ processor, bọ́tìnnì iwájú kò tó láti wọ inú ètò rẹ̀. Ẹni tó ra èyí tí kò ní rìmóòtù ra àpótí tí kò lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè máíkì pẹ̀lú. Ti Audyssey gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yẹn. Ti Anthem ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti fáìlì tirẹ̀ tó ń bá a rìn. Máíkì tó bá pàdánù fáìlì rẹ̀ kò lè wọn yàrá bó ṣe yẹ.

Ẹ wá tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí wákàtí kan bí olùtajà bá gbà. Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn máa ń ṣe dáadáa nígbà tó bá tutù. Nígbà tó bá gbóná tán, ẹ gbé fólúùmù sókè dé ibi tí ẹ máa ń gbé e dé, láìfi orin sí i, kí ẹ sún etí mọ́ sípíkà. Fíṣíì kékeré lókè kò burú. Tó bá ń kùn hùù nísàlẹ̀, tó sì ń kùn síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ yọ gbogbo wáyà tó ń gbé ìró wọlé, ó ṣeé ṣe kí kàpásítọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé ti máa gbẹ. Ẹ yí fólúùmù díẹ̀díẹ̀ sókè àti sódò. Tó bá ń fò tàbí tó ń rìn sẹ́yìn nígbà tí ọwọ́ ń lọ síwájú, ó ti gbó. Ojú iná iwájú tó ti ṣókùnkùn kì í ba ohùn jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ iye wákàtí tí wọ́n ti lò ó.

Nígbà náà ni kí ẹ fi orin àtijọ́ kan sí i, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí sítẹ́ríò tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn orin Haruna Ishola ìgbà àkọ́kọ́ dára fún èyí, nítorí pé ohun kan náà ló wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ jókòó sí àárín gan-an. Ohùn rẹ̀ àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí ojú kan, níwájú imú yín. Ẹ gbé fólúùmù sódò pátápátá, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn náà bá ń tẹ̀ sí apá kan nígbà tó wà nísàlẹ̀, tó wá padà sí àárín nígbà tó ròkè, ẹ̀yà fólúùmù ọ̀tún àti ti òsì kò bá ara wọn rìn mọ́. Kò sí ohun tó ń ba sítẹ́ríò jẹ́ ju ìyẹn lọ, kò sì sí bọ́tìnnì tó ń tún un ṣe. Tó bá yege, ẹ fi Juju Music ti King Sunny Adé, èyí tó jáde ní 1982, sí i. Gìtá onírin tí Demola Adepoju fi ọwọ́ fà gbọ́dọ̀ ní ibi tirẹ̀, àwọn gìtá yòókù gbọ́dọ̀ ní tiwọn, gángan kò sì gbọdọ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí gbogbo wọn bá rọ́ jọ sí ojú kan, tí sípíkà àti ìjókòó yín kò sì lẹ́bi, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn orin, ẹ dán gbogbo ihò tí ẹ máa lò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí HDMI ló máa ń kọ́kọ́ kú nínú àwọn ìran àárín, ẹ̀yà rẹ̀ sì ṣòro láti rí. Bí HDMI bá ti kú, tí coaxial àti ánálọ́ọ̀gù sì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà ṣì lè wúlò fún orin, ìyẹn ni kí ẹ fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ má sì gbà pé oníṣẹ́ rédíò àdúgbò yóò tún un ṣe bó bá yá. Ó lè pààrọ̀ kàpásítọ̀. Páálí díjítà tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kéré ju irúgbìn lọ kì í ṣe iṣẹ́ irin ìjórin lásán.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n ra processor rárá. Ẹni tó ti ní receiver tó ń ṣe fíìmù dáadáa, tí orin nìkan ló ń dùn ún, ọ̀nà tó rọrùn wà fún un: kó ra amplifier sítẹ́ríò alápòótí kan tó ní ihò Home Theater Bypass. Receiver yóò fi ohùn ọ̀tún àti ti òsì ránṣẹ́ sí ihò yẹn nígbà fíìmù, fólúùmù amplifier yóò sì yẹra fún un. Nígbà orin, kó pa receiver, kí CD àti ṣéńjà gba inú amplifier sítẹ́ríò lọ sí sípíkà kan náà. Ẹ̀rọ méjì, sípíkà kan náà, kò sì sí èyí tó ń dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ processor lẹ́yìn gbogbo èyí, bó ṣe máa ná an rèé. Kó ronú nípa iye tí òun lè san fún preamp sítẹ́ríò tó ní DAC, èyí tí kò mọ fíìmù rí, tí ìdúró rẹ̀ bá ti processor náà mu. Kó má kọjá iye yẹn, bó ti wù kí olùtajà ka Dolby, DTS àti HDMI tó. Lọ́jọ́ tí Dolby tún yípadà, tàbí tí páálí HDMI kú, ohun tó fowó rà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù jẹ́ èènì.